Ínṣì Mọ́kànlélógún

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó lọ bi Ìyá Aránṣọ, obìnrin tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wọn ẹ̀yìn ẹlòmíràn, tí kò mọ bí ẹ̀yìn tirẹ̀ ṣe gùn tó.

Kì í ṣe aṣọ ìmúròde ló ń rán. Àgọ́ kékeré tí èèyàn lè ká mọ́ abẹ́ apá, báàgì ẹ̀yìn tí àwọn tó fẹ́ràn ìrìn fi ń wọ aginjù, àpò tí wọ́n ń kó ara sí sùn nínú òtútù: iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Yàrá kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù. Tábìlì gígùn wà níbẹ̀ tó fi ń gé aṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, dígí gíga kan, àti ìwé ńlá kan tó so mọ́ ìṣó lára ògiri, níbi tó ń kọ ẹ̀yìn oníbàárà kọ̀ọ̀kan sí. Ẹni tó bá fẹ́ báàgì á kọ ẹ̀yìn sí i, á tẹrí ba. Ìyá Aránṣọ á fi ìka wá eegun tó yọ kókó ní ìdí ọrùn, á fi orí téèpù lé e, á fà á wálẹ̀ títí dé ibi tí eegun ìbàdí ti bẹ̀rẹ̀.

"Ibí yìí ló ń ru ẹrù," á wí, á sì fọwọ́ gbá ìbàdí onítọ̀hún pẹ́pẹ́. "Èjìká kàn ń bá a dì í mú ni. Báàgì tó bá gùn ju ẹ̀yìn olówó rẹ̀ lọ, èjìká àti orúnkún ni yóò jẹ gbèsè náà."

Ó mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mowó. Àmọ́ ó ń rán àgọ́, kò sùn nínú àgọ́ rí. Ọkọ rẹ̀ ló máa ń lọ.

Akólẹ́tà ni ọkọ rẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ni ó fi ń fẹsẹ̀ pín lẹ́tà káàkiri ìlú, nígbà tí wọ́n bá sì fún un ní ìsinmi, ẹsẹ̀ náà ló tún máa ń fi rìn. Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Ẹ wá wo ẹja tó gba ìsinmi, tó ní òun fẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́." Akólẹ́tà á rẹ́rìn-ín, á gbé báàgì rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyẹ́ á wọkọ̀ dé ibi tí títì ti parí. Láti ibẹ̀, wọn á rin ọjọ́ mẹ́ta gba inú igbó àti orí òkè tí ilé kankan kò sí, títí wọn á fi dé etí adágún omi kan. Ọjọ́ mẹ́ta àlọ, ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀.

"Abẹ́rẹ́, bá mi lọ lọ́dún yìí," ni ọkọ rẹ̀ máa ń wí fún un.

"Tó bá di ọdún tó ń bọ̀," ni òun náà máa ń dáhùn. Lọ́dún kan, iṣẹ́ oníbàárà ló kún ilẹ̀. Lọ́dún kejì, ọmọ fẹ́ ṣèdánwò. Lọ́dún mìíràn, kò sí ìdí kankan, ó kàn ti mọ́ ọn lẹ́nu ni. Bí ọ̀la ṣe máa ń kó jọ náà nìyẹn, títí ogún ọdún á fi pé.

Ohun kan wà tí Akólẹ́tà máa ń ṣe fún un tí ẹlòmíràn kì í ṣe. Bí Ìyá Aránṣọ bá fẹ́ rán aṣọ fún ara rẹ̀, kò lè wọn ẹ̀yìn ara rẹ̀. Kò sí aránṣọ tó lè ṣe é. Ọkọ rẹ̀ á gba téèpù lọ́rùn rẹ̀, á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:

"Abẹ́rẹ́ ò tó nǹkan, kì í ṣe mímì fún adìẹ.
Abẹ́rẹ́ tó wọnú aṣọ tó jáde,
Tó so ohun tó ya pọ̀, tí kò pariwo.
Ojú kan ṣoṣo ló ní, ó ríran ju olójú méjì.
Rọra dúró, kí n wọn ẹ̀yìn rẹ,
Ẹ̀yìn tó pọn ọmọ mi,
Ẹ̀yìn tí mo bá rí lẹ́nu ọ̀nà, tí àárẹ̀ ẹsẹ̀ mi á tú ká."

"Ó jẹ́ ínṣì mélòó?" obìnrin náà á bi í.

"Mi ò ní sọ. Èmi ni mo ni ín." Á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára aṣọ fún un, á sì dá téèpù padà sí i lọ́rùn. Títí tó fi kú, kò dárúkọ iye náà.

Àárọ̀ ọjọ́ òjò kan ni ọkàn rẹ̀ dákẹ́ lórí ibùsùn. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wà lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá ẹlòmíràn ló ń tọ́jú lọ́wọ́ nígbà tí tirẹ̀ ń lọ. Ọdún méjì ti kọjá lórí rẹ̀.

Ìgbà tí Ìyẹ́ wá kí opó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìparí ọdún kìíní ló sọ ohun tí kò sọ rí. Mekáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì ni Ìyẹ́, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó gbẹ bí igi ìdáná. Nítorí bó ṣe máa ń di ẹrù fúyẹ́ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ìyẹ́. Ó gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì eyín rẹ̀ sí méjì, ó tú gbogbo àkọlé kékeré inú aṣọ rẹ̀ dànù. Wọ́n ní bó bá ṣeé ṣe, ì bá fi òjìji rẹ̀ sílẹ̀ nílé.

"Ìyàwó wa," ó wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pe ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, "àpáta pẹlẹbẹ kan wà létí omi yẹn. Orí rẹ̀ la máa ń jókòó sí wo oòrùn bó ṣe ń yọ. Gbogbo ọdún tí a fi lọ, ọkọ yín á bọ́ fìlà rẹ̀, á gbé e sí ọwọ́ ọ̀tún. Lọ́dún kan, mo fẹ́ gbé fìlà kúrò kí n jókòó. Ó ní kí n bọ́ sí òsì, pé àyè yín nìyẹn."

Ìyá Aránṣọ kò sunkún. Ó ní kí Ìyẹ́ mu omi sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ sínú ẹran ara: kò hàn síta, èèyàn kò sì lè gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àgọ́ tó bá rán tán, á nà án sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, á wọ inú rẹ̀, á jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí oníbàárà tó dé.

Nígbà tí Ìyẹ́ tún dé lọ́dún yìí, tó ní òun ń lọ sí adágún náà fún ìgbà ìkẹyìn, torí egungun òun ti ń ké, Ìyá Aránṣọ kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Mò ń bá yín lọ."

Ìyẹ́ wo orúnkún ọ̀tún obìnrin náà. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé orúnkún náà ń dùn ún. Dókítà ti kìlọ̀ fún un lórí rẹ̀.

"Májẹ̀mú méjì," ni Ìyẹ́ wí. "Ẹrù yín, pẹ̀lú oúnjẹ àti omi, kò gbọdọ̀ ju kílò méje lọ. Lẹ́yìn náà, a ó jọ gbé e gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú yìí, a ó sì sọ̀ kalẹ̀. Bí orúnkún yín bá wú, ilé lẹ máa wà. Ibi tí à ń lọ, kò sí ẹni tó máa bá wa pe ọkọ̀."

Wọ́n gbé òṣùwọ̀n ilé ìdáná sórí tábìlì ìgéṣọ. Kí Ìyẹ́ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹrù Ìyá Aránṣọ ti jẹ́ kílò mọ́kànlá ààbọ̀.

"Tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, ìyàwó wa? Ojú mélòó lẹ ní?"

"Bí ọ̀kan bá kú ńkọ́?"

"Ẹ ó lo tèmi."

"Bí tiyín náà bá kú?"

"A ó sùn."

Ó yọ tọ́ọ̀ṣì méjì, ó yọ ìrọ̀rí. Ó gbé ìkòkò irin sókè, ó wò ó pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ìyẹn á bá yín ṣọ́lé. Agolo kékeré kan tó fi omi se nǹkan ti tó." Aṣọ márùn-ún di méjì: èyí tí wọ́n ń wọ̀ rìn àti èyí tí wọ́n ń wọ̀ sùn. Odindi ọṣẹ di ègé bí èékánná àtàǹpàkò. Ìrẹsì tí wọ́n ti sè, tí wọ́n sì ti sá gbẹ, rọ́pò àwọn agolo oúnjẹ. Omi kò ju lítà kan lọ, torí odò pọ̀ lọ́nà, asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ kò sì wúwo ju ẹyin lọ.

"Gbogbo ohun tí a kò nílò tí a sì ń rù, ìbẹ̀rù ló bá wa dì í," ni Ìyẹ́ wí. "Mo ti tú ẹrù ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí mo bá wo ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀, mo mọ ohun tó ń ba onítọ̀hún lẹ́rù."

"Kí ló ń bà mí lẹ́rù?"

"Òkùnkùn."

Ìyá Aránṣọ gbé tọ́ọ̀ṣì méjèèjì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò irin.

Ó ku báàgì tí yóò gba gbogbo rẹ̀. Èyí tó wà nílé wúwo bí àpótí. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó na aṣọ nílọ́ọ̀nù kan tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà sílẹ̀, ó gbé àlùmọ́gàjí, ó ń kọrin ìyìn lábẹ́ ohùn. Kò wo ìwé ara ògiri, kò wọn nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀nà fúnra rẹ̀. Kílẹ̀ tó ṣú, báàgì ti parí, ó gún régé. Nígbà tí wọ́n di gbogbo ẹrù sínú rẹ̀, òṣùwọ̀n dúró lórí kílò mẹ́fà àti díẹ̀. Inú Ìyẹ́ dùn débi pé ó gbọn ọwọ́ Ìyá Aránṣọ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn ni Nọ́ọ̀sì, ọmọ rẹ̀. Ó wá lọ́jọ́ kejì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò jókòó.

"Ìyá mi, ẹ ti pé ọgọ́ta ọdún."

"Mo wà níbẹ̀ nígbà tó pé."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí orúnkún yẹn bá yẹ̀ nínú igbó, ta ló máa gbé yín? Bàbá Ìyẹ́ tí atẹ́gùn ń gbé òun fúnra rẹ̀ kiri?"

Ìyá Aránṣọ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì. "Bàbá rẹ fi àyè sílẹ̀ fún mi lórí àpáta kan létí omi."

"Bàbá mi ti kú, Ìyá mi."

"Àyè náà kò kú."

Nọ́ọ̀sì yí padà, ó lọ. Kò ti ilẹ̀kùn gbàgà. Ó rọra tì í, bí wọ́n ṣe máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá aláìsàn. Ìyẹn dun ìyá rẹ̀ ju ariwo lọ.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gun òkè. Òórùn ìrì ṣì wà lára koríko. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Ìyá Aránṣọ ń rìn bí ọmọge, ó ń ka òkúta tí Akólẹ́tà á ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tó máa ń fi òkè náà dán ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Kò pẹ́, okùn báàgì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ léjìká. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó tún wálẹ̀. Báàgì náà ń fà á sẹ́yìn bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé. Ó tẹ̀ síwájú kó má bàa ṣubú, orúnkún ọ̀tún sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ó pa eyín mọ́ ọn.

"Ẹ dúró," ni Ìyẹ́ wí, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Mekáníìkì ni mí. Bí ẹsẹ̀ bá ti yí ohùn padà, mo máa ń gbọ́ ọ."

Ó ní kó jókòó, ó ní kó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Orúnkún náà ti wú bí búrẹ́dì. Wọn kò tíì dé ìdajì òkè.

"Kílò mẹ́fà ni," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Ẹ̀yin náà lẹ wọ̀n ọ́n."

"Kílò mẹ́fà kọ́ ló ṣe eléyìí." Ìyẹ́ fún ojú pọ̀. "Ẹ dìde. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi." Ó fi ọwọ́ tọ okùn èjìká, odindi ọwọ́ gba àárín okùn àti èjìká náà kọjá. Ó wo bẹ́líìtì ìdí. Kò sí ní ìbàdí, orí ìdí gan-an ló sùn lé. "Ìyàwó wa, ẹ̀yìn ta lẹ wọ̀n?"

Ìyá Aránṣọ bọ́ báàgì sílẹ̀, ó fa téèpù tí kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n láti òkè dé bẹ́líìtì. Kò tilẹ̀ sí ìdí fún un láti wò ó. Báàgì mẹ́rin ló ti rán fún ọkọ rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọdún, iye kan náà ló sì fi gé gbogbo wọn.

"Ínṣì mọ́kànlélógún," ó wí.

Ìyẹ́ mọ ẹni tó ni iye náà. Ó ti rìn lẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ púpọ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀, wọ́n jọ jókòó sílẹ̀, àwọn méjèèjì ń wo òrùlé ìlú nísàlẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ," ó wí nígbẹ̀yìn. "Bí ẹ bá tún báàgì yìí ṣe, tí a gun òkè yìí lọ́jọ́ Àìkú, tí orúnkún kò wú, a jọ lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó bá yín kí àpáta náà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Aránṣọ gbé báàgì sórí tábìlì, kò lè gé e. Ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn lófìfo, ó dúró síwájú dígí. Báàgì náà ga kọjá èjìká rẹ̀, bí ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó fẹ́ wo ohun tó ń ṣe. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lára gbogbo ohun tí ikú kó lọ, èyí ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, láìjẹ́ pé ó wá a: gígùn ẹ̀yìn kan. Bó bá gé e, ta ni yóò tún dúró lẹ́yìn rẹ̀?

Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ọlọ́run tó wọn òkun láì lo téèpù," ó gbàdúrà, "ìwọ lo fún mi ní ọwọ́ tí kì í gbàgbé. Mo dúpẹ́. Kọ́ ọwọ́ náà ní ohun tuntun, kó má bàa gbé mi ṣubú. Jẹ́ kí n dé ibi tó ti dúró dè mí, kí n sì padà wálé wá bá ọmọ mi." Ó ṣe àmín, ó dìde pẹ̀lú ìnira, ó mú abẹ kékeré tó fi ń tú aṣọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn èjìká, ojú rírán kan tẹ̀ lé òmíràn, láìfa aṣọ ya.

Nígbà tó tú u tán, ó ku kó mọ iye tí yóò gé kù. Ó fi ọwọ́ kan mú téèpù mọ́ ọrùn, ó fi ọwọ́ kejì fà á nísàlẹ̀, ó ń wo dígí. Ínṣì mẹ́rìndínlógún. Ó tún un ṣe. Méjìdínlógún. Téèpù yọ̀ bọ́ ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Ìwọ̀n tí ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣì, òun ọ̀gá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta.

Bẹ́ẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì ṣe wọlé bá a. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, ó mú omi dídì tí wọ́n fi aṣọ ìnura wé dání. Ó fa àga fún ìyá rẹ̀, ó gbé omi dídì náà lé orúnkún wíwú.

"Bàbá Ìyẹ́ pè mí," ó wí. "Mo rò pé orúnkún yìí á bá mi bá yín sọ̀rọ̀."

"Ó sọ̀rọ̀. Ó ní báàgì ló jẹ̀bi."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ọmọ náà. Ó wo orí tábìlì, ó rí okùn tí wọ́n tú, ó rí ara báàgì tó gùn gbọọrọ. Ó dìde, ó lọ ṣí ìwé ara ògiri. Ojú ewé bàbá rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ó fi ìka tọ iye tó wà níbẹ̀, ó sì fi ìka kan náà wọn afẹ́fẹ́ lókè báàgì, bí ẹni pé orí kan wà níbẹ̀.

"Ìwọ̀n bàbá mi lẹ fi gé e," ó wí jẹ́ẹ́.

"Ọwọ́ mi ló gé e. Èmi kò mọ̀."

Nọ́ọ̀sì ń ṣí ìwé náà lọ, ó ń ṣí i bọ̀. "Tiyín dà?"

"Kò sí níbẹ̀. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, ó sì mú un lọ."

Ọmọ náà padà wá, ó kúnlẹ̀, ó yí omi dídì sí ẹ̀gbẹ́ kejì orúnkún. Kò gbójú sókè. "Ìyá mi, mi ò sí nílé nígbà tí Bàbá lọ. Bí ẹ bá dé orí àpáta yẹn, tí ẹ jókòó sí àyè tó fi sílẹ̀, ṣé ẹ máa dìde?"

Ìyá Aránṣọ gbé ọwọ́ lé irun ọmọ rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ọ bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà tó ń dì í fún un.

"Ìdí tí mo fi ń gé e nìyẹn," ó wí. "Báàgì bàbá rẹ lè gbé mi débẹ̀. Kò lè gbé mi padà wálé."

Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ìyá Aránṣọ dìde. Ó bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó yí padà, ó sì tẹrí ba bí gbogbo oníbàárà tó ti dúró sí yàrá náà rí.

"Wá bá mi wọn ẹ̀yìn mi."